Fọ́tò Òpópónà gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí nínú Ìtàn Ìlú Èkó

Ẹlẹ́rìí méjì ni àwa tí a ń kọ́ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́. Ọ̀kan ni ẹnu àgbà: ìtàn ìdílé, oríkì orílẹ̀, orin ọdún, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí iṣẹ́ ìrántí wà ní ìkáwọ́ wọn láàfin. Èkejì ni ìwé: lẹ́tà àwọn ajíhìnrere, àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn, àti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹlẹ́rìí kẹta wà tí a kì í sábà pè wá jẹ́rìí. Fọ́tò ni. A máa ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ sínú ìwé ìtàn, a ó kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀, a ó sì ṣí ojú ìwé náà kọjá.

Ìlú Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé òpópónà ibẹ̀ ti yí padà gan-an láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún, fọ́tò wọn sì pọ̀. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni pé fọ́tò kì í kọ́kọ́ sọ ìtàn òpópónà tí ó wà lójú rẹ̀. Ibi tí ayàwòrán dúró sí, àti ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Ìgbà tí a bá mú un lọ bá ìwé, tí a sì mú un lọ bá ẹnu àgbà, ni ó tó di ìtàn àwọn ará àdúgbò.

Èrò kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ni ó ya gbogbo fọ́tò Èkó àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Neils Walwin Holm, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò sí Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. George da Costa, ọmọ Èkó tí a bí ní 1853, ti ṣe alábòójútó ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. títí di 1895 kí ó tó sọ fọ́tò yíyà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ìjọba amúnisìn pàápàá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ láti ya iṣẹ́ ojú irin bí wọ́n ṣe ń là á lọ sí òkè ọya. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀, ẹni tí ó sanwó ni ó ń yan ohun tí a ó yà. Ìjọba fẹ́ afárá àti ilé ẹjọ́. Oníṣòwò fẹ́ ilé ìtajà rẹ̀ àti orúkọ tí ó kọ sí iwájú rẹ̀. Olówó ìlú fẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ta ni yóò wá sanwó pé kí a ya ẹ̀yìnkùlé aláró?

Irinṣẹ́ wọn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Kámẹ́rà ìgbà náà wúwo, orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé e kà, dígí tí a fi oògùn pa ni ó sì ń gba àwòrán sára. Nínú àwọn fọ́tò tí ó pẹ́ jù lọ, ojú kámẹ́rà ní láti wà ní ṣíṣí fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀. Ohun tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ yóò hàn kedere. Èyí tí ó bá ń rìn yóò dà bí èéfín, tàbí kí ó pòórá pátápátá. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí òpópónà Èkó tí ó dá páropáro nínú fọ́tò àtijọ́, kí ó má ṣe yára kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ pé ìlú náà kò ní èrò. Ó lè jẹ́ pé ọjà ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀, kí ó jẹ́ pé àwọn tí ń ná ọjà kò dúró fún dígí.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbìyànjú láti mọ ọjọ́ orí fọ́tò kan. Ká ní wọ́n gbé póòsìkáàdì kan lé wa lọ́wọ́, tí fọ́tò Ẹ̀hìngbẹ̀tì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Marina, wà lójú rẹ̀, tí kò sì sí ọdún kankan lára rẹ̀. Ẹ̀yìn káàdì ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí sítáǹpù rẹ̀ bá jẹ́ ti Èkó nìkan, tí orí Ọba Edward Keje sì wà lára rẹ̀, a mọ̀ pé kò lè ṣáájú 1901 tí ọba náà gorí oyè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn 1906 tí ìjọba da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ sítáǹpù Gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n fi fi í ránṣẹ́ láti Èkó, ó ti bọ́ sí àkókò tí ó parí sí 1914. A ó tún wo bí wọ́n ṣe pín ẹ̀yìn káàdì náà. Ní 1902 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì; ṣáájú ìgbà náà, àdírẹ́sì nìkan ni ó wà lẹ́yìn, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ yóò há a sí etí àwòrán.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi káàdì ránṣẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tí a ya fọ́tò. Oníṣòwò lè máa tẹ dígí kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fún wa ní òpin ọ̀rọ̀. Ojú àwòrán ni a ó ti wá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé òpó iná mànàmáná wà létí ọ̀nà? Ní 1898 ni iná náà kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ṣé Afárá Carter hàn lọ́ọ̀ọ́kán? Ní 1901 ni wọ́n parí rẹ̀. Ṣé ojú irin tíráàmù wà nílẹ̀? Láti 1902 ni tíráàmù ti ń ti Ìdó gba orí afárá náà wọ Erékùṣù Èkó dé Ẹ̀hìngbẹ̀tì, 1933 ni wọ́n sì pa á tì. Ẹ̀rọ omi ìjọba tí ó wà lójú títì ń tọ́ka sí nǹkan bí 1915 tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí omi Ìjù ti ń ṣàn wọ ìlú. Ní ti Kàtídírà Kírísítì, ilé ìjọsìn tí wọ́n ṣí ní 1869 ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ èyí tí a ń wò báyìí lélẹ̀, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1946. Ẹni tí ó bá rí òpó iná, tí kò rí ojú irin ní ibi tí tíráàmù ń gbà, lè fi ìgboyà sọ pé láàrin 1898 sí 1902 ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé a sọ pé "ní ibi tí tíráàmù ń gbà". Bí òpópónà náà kò bá sí lójú ọ̀nà rẹ̀, àìrí ojú irin kò jẹ́rìí ohunkóhun.

A kò ní ṣaláì sọ ọ́ pé wọ́n tún ń fi tíráàmù kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú dànù. Ayàwòrán póòsìkáàdì kò ní tìtorí ìyẹn gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìlera ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí ó wà lára pátákó ìtajà wúlò ju bí a ti rò lọ. Àlímánáàkì tí Ọ̀túnba Payne ń tẹ̀ jáde láti 1874, àti ìpolówó ọjà inú ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record, yóò sọ ọdún tí oníṣòwò kan wà ní òpópónà kan fún wa. Bí lẹ́tà ara pátákó bá ń kọjú sẹ́yìn, a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n yí dígí padà nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ti di ọwọ́ òsì nìyẹn, gbogbo ohun tí a bá sì sọ nípa ẹ̀gbẹ́ tí ilé kan wà ti di òdìkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ohun tí fọ́tò kò fi hàn. Ẹni tí ó bá kó fọ́tò Èkó ìgbà náà jọ yóò rí Ẹ̀hìngbẹ̀tì ní àràtúnrà: ọ̀sà níwájú, igi létí omi, ilé àwọn oníṣòwò àti ti ìjọba ní ìlà gbọọrọ. Òpópónà Broad Street pọ̀, Ìta Tinúubú náà pọ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgà Ìdúngànràn wà, níbi tí àwọn ọlọ́fin, àwọn apẹja àti àwọn oníṣòwò ti ń gbé kí òyìnbó tó dé, ṣọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ó bá sì yọjú, àlàyé abẹ́ rẹ̀ kì í sábà dárúkọ agbo ilé tàbí ìdílé kankan. Wọn a ní òpópónà àwọn ọmọ ilẹ̀ ni, ó tán. Ẹni tí ó bá fi iye fọ́tò díwọ̀n pàtàkì àdúgbò yóò gbé ẹ̀bi fún aláre. Ojú òyìnbó tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi ni ó yan Ẹ̀hìngbẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí iwájú ìlú. Orúkọ rẹ̀ ní èdè tiwa sì rèé, ẹ̀hìn ni àwọn tí ó sọ ọ́ kọ́kọ́ kà á sí.

Àárín àwọn méjèèjì ni Pópó Àgùdà wà, àdúgbò àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lókè òkun ni wọ́n fi yí ojú Èkó padà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ni ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí Àgùdà tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ṣe kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Mùsùlùmí, ojú fèrèsé rẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i títí dòní. Ní òpópónà Kakawa, ìdílé da Rocha kọ́ ilé tí a mọ̀ sí Ilé Omi, nítorí kànga tí ó wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta omi fún ará ìlú. Pierre Verger ya ọ̀pọ̀ irú ilé báyìí, fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí Marianno Carneiro da Cunha kọ lórí wọn, tí ó jáde ní 1985.

Ilé kan wà ní Ìta Tinúubú tí a ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni pé òfin ń dáàbò bò ó. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fọ́tò tí wọ́n yà fún títà gẹ́gẹ́ bí ohun ìgbádùn ti di ẹ̀rí pàtàkì tí a fi lè mọ bí òpó iwájú rẹ̀ ti rí, àti bí ojú fèrèsé òkè ti tẹ̀ kọ́lọ́bọ́ tó.

Ìlọ́jọ̀ Bar ní orúkọ, ó sì ní òfin. Agbo ilé àwọn mẹ̀kúnnù kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wọ̀lú ní 1924, ìjọba dá àjọ tí ń tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Àjọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní 1955. Nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ni ètò náà kàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó ṣèwádìí láàrin wọn, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961, fi hàn pé kì í ṣe ògiri nìkan ni ó wó. Ìyá tí ó ń tajà lójúde jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì jìnnà sí àbúrò. Bí fọ́tò irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú ìwé ìjọba, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí tí wọ́n fi yà á. Ẹni tí ó fẹ́ kí a gbà pé ilé kan yẹ ní wíwó yóò dojú kámẹ́rà kọ gọ́tà. Fọ́tò ìkómọ tí a yà nínú agbo ilé kan náà yóò fi aṣọ òfì, àga tí a tò, àti ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun hàn wá. Òótọ́ ni fọ́tò méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni ó wọ ilé àkójọ ìwé ìjọba. Èkejì wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà, níbi tí ìkán àti òjò ń bá a fà á.

Àwọn àpótí wọ̀nyí ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá, kí àwọn tí ó gbé ní àdúgbò wọ̀nyí kí wọ́n tó wó o tó tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ó gbé fọ́tò sílẹ̀ níwájú wọn, kí ó má sọ ohun tí òun rò. "Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ẹ rí níbẹ̀?" tó. Ẹni tí kò rántí ọdún lè rántí pé ilé tí ó wà lápá òsì ni ilé ìyá alákàrà, pé kànga wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ìdílé báyìí ni ó ni ojúde náà, kí ó sì ki oríkì wọn mọ́ ọn. Pẹ́ńsù ni kí a fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò, kì í ṣe yíǹkì tí yóò mu já sí ojú àwòrán. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí àgbà méjì lè fún ilé kan ní orúkọ méjì.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ́ máàpù Èkó tí W. T. G. Lawson ṣe ní 1885 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a fi ìka tọ òpópónà náà láti ìkángun dé ìkángun, kí a wo ibi tí ayàwòrán dúró sí. Fún púpọ̀ nínú fọ́tò Ẹ̀hìngbẹ̀tì, ìka wa yóò já sínú omi, nítorí inú ọkọ̀ ni ó wà nígbà tí ó yà á. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n da yanrìn sí ọ̀sà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ dúró sí ibì kan náà lónìí, àárín títì ni yóò bá ara rẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì máa fọn fèrè fún un.