Bí ìdílé àgbẹ̀ ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já kí àkọ́rọ̀ tó dé

Látìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi wá: àgbàdo tó wà nílẹ̀ yìí, ká tà á tán ni àbí ká tọ́jú díẹ̀? Ebè ńkọ́, ká ti máa kọ ọ́ ni àbí ká dúró de òjò? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn tó ń dáko ní agbègbè yìí kí ilé tó gba gbogbo ilẹ̀ náà ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ní ètò tí wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ètò yẹn la fẹ́ sọ lónìí.

Ṣáṣá tiwa ní Alímọ̀ṣọ́ là ń wí o, ẹ má fi wé Ṣáṣá ọjà tòmátì tó wà n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá rìn láti Ṣáṣá dé Akọ̀wọ́njọ, kó gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá lọ sí Ìkọ̀tún, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló máa rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo ibí yìí, ilẹ̀ oko sì ni. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni a wà títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà Agége ló gbà, Agége sì di ibi tí obì àti kòkó ti ń wọ Èkó. Ní 1907 àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Agege Planters' Union, J. K. Coker tó ní oko ńlá ní Ìfàkọ̀ wà lára àwọn aṣáájú wọn. Àwọn yẹn, àgbẹ̀ olówó ni wọ́n. Ìdílé kékeré tó ń jẹ ohun tó gbìn, tó sì ń ta èyí tó bá ṣẹ́ kù, la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, ya oko sí méjì: oko etílé àti oko ẹgàn. Oko etílé kò jìnnà sílé, ẹsẹ̀ kan èèyàn ti dé ibẹ̀. Oko ẹgàn wà nínú igbó lọ́hùn-ún, èèyàn á kọ́ ahéré síbẹ̀, á sì lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó wálé. Àwọn ará ìlú ńlá máa ń rò pé tí òjò bá ti dá, àgbẹ̀ á na ẹsẹ̀ sílẹ̀ máa ta ayò. Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn! Àsìkò òjò, iṣẹ́ oko nìkan ni. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ oko àti ti ilé ló pàdé pọ̀. Òrùlé gbọ́dọ̀ di títúnṣe kí òjò tó padà: ewé gbódògì ni wọ́n ń lò nínú igbó, lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ koríko bẹẹrẹ ni, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ọdún lórí rẹ̀. Wọ́n á mọ ògiri nígbà tí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ẹyìn á pọ̀ lórí ọ̀pẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń lọ sópin, àwọn obìnrin á kó lọ sí ẹbu epo. Ọdẹ á wọ igbó torí koríko ti gbẹ, ẹran ò rí ibi sá sí mọ́.

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ilé ni èlùbọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ni? Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì jẹ́ kó sùn sínú omi náà mọ́jú, ó ní láti gbẹ kíákíá. Tó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, á bu. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbodo á ti gbẹ débi tó á fi máa dún bí igi. Iṣu tó ti fara gbọgbẹ́, tí kò lè pẹ́ nínú ọgbà, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú ṣe é. Ohun tí ì bá jẹrà di oúnjẹ tí wọ́n á máa rò títí oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu tuntun ò tíì ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta èlùbọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, èyí tí wọ́n sá lásìkò òjò kì í rí bí ti ọyẹ́.

Irúgbìn ló wá kàn. Ibí yìí gan-an ni ìdílé ti ń là tàbí kó rì. Kí wọ́n tó ka èyí tí wọ́n á tà, wọ́n á ti yọ irúgbìn sọ́tọ̀. Wọ́n á so iṣu lóòró mọ́ ọ̀pá nínú ọgbà iṣu lábẹ́ ibòji, bàbá á máa yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá fẹ́ jẹrà á kúrò, èyí tó bá hù á dá ọmú rẹ̀. Àwọn tó kéré, tó sì le dáadáa, á dúró fún gbígbìn. Àgbàdo tó yọmọ jù lọ, wọn ò ní já èèpo rẹ̀ dànù. Èèpo yẹn ni wọ́n fi ń so ó ní méjì-méjì, tí wọ́n á gbé e kọ́ sókè àjà ilé ìdáná. Èéfín á máa fín in lójoojúmọ́, kòkòrò ò ní lè jókòó sí i. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ ìyá ilé: á gbẹ, á da eérú pọ̀ mọ́ ọn nínú kèrègbè, á sì dí ẹnu kèrègbè náà pa. Kò sẹ́ni tó ń tú u láìjẹ́ pé ó gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá.

Kí ló fà á tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀? Torí ìwọ̀fà ni. Ẹni tó bá jẹ irúgbìn tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tó fi owó obì ṣe ìnáwó ọdún tán, gbọ́dọ̀ yá owó kó lè gbin nǹkan. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kò dín gbèsè kù rárá. Ó lè kọ ebè lóko olóko fún ọdún márùn-ún, kí owó tí bàbá rẹ̀ yá ṣì wà bó ṣe wà. Ìjọba amúnisìn padà fòfin dè é, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, gbogbo ilé ló mọ ọmọ kan tó lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìyá àgbà kan kọ̀ kí wọ́n se àgbàdo orí àjà nígbà tí ebi ń pa ọmọ, ẹ má pè é ní ìkà.

Ti iṣẹ́ ebè, ọwọ́ ẹnì kan kì í ká a. Àárọ̀ wà: àwa márùn-ún á ṣe tìrẹ lónìí, ti èmi lọ́la, títí á fi yí ká. Ọ̀wẹ̀ wà: ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á jáde. Àna pàápàá ń retí ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Iye ebè ni wọ́n fi ń mọ bí oko ṣe tóbi tó, igba-igba ni wọ́n ń kà á. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń jókòó ṣètò èyí: ebè mélòó ni èbù tó wà nínú ọgbà lè gbà? Èbù ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó ka ebè. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa á ti san owó tírákítọ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá irúgbìn kiri.

Igbó ṣíṣán náà ní àsìkò tirẹ̀. Wọ́n á ṣán an nínú ọyẹ́, á gbẹ, wọ́n á sun ún nígbà tí òjò bá kù díẹ̀. Kí wọ́n tó fi iná sí i, wọ́n á ro etí oko yíká kí iná má baà ré kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn 1983 le gan-an ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Ghana, iná jó oko kòkó púpọ̀ nígbà náà. Ní Alímọ̀ṣọ́ báyìí tí oko àti ilé jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sun oko. Ẹ kó koríko yẹn bo orí ebè. Àwọn bàbá wa náà máa ń fi koríko dé orí ebè iṣu tí wọ́n bá gbìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn má baà se èbù tó wà nínú rẹ̀.

Gbágùúdá la fẹ́ fi kún un, torí òun ló yí ètò yìí padà. Àwọn Pọtogí ló gbé e wá láti Bràsíìlì, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn Àgùdà padà sílé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni gàrí ṣíṣe tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbágùúdá ò nílò àká. Ilẹ̀ ni àká rẹ̀, ẹni tí ebi bá ń pa ní oṣù kẹta á lọ wú u. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé iye lé oúnjẹ l'Ékòó, wọ́n ní Captain Pullen ni kó máa bójú tó o. Iye tí wọ́n fi lé e kò tó iye tí àwọn ọlọ́jà fi ra ọjà. Oúnjẹ bá wọ abẹ́lẹ̀. Alimotu Pẹlẹ́wùrà kó àwọn obìnrin ọjà Èkó jọ, wọ́n ta ko ètò náà títí ìjọba fi fi í sílẹ̀ ní 1945. Ìyà yẹn jẹ ará Èkó tó ń fowó ra gàrí lójoojúmọ́ ju ẹni tó ní gbágùúdá nílẹ̀ lẹ́yìn ilé lọ.

Ó wá ku àkọ́rọ̀, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀. Òjò yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àgbàdo á hù, oòrùn á padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á rọ. Ẹni tó bá ti gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ tán, ó dìgbà tó bá rà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń gbin díẹ̀ sí akúrọ̀ létí odò ní àkọ́rọ̀, tí wọ́n á sì mú èyí tó pọ̀ dúró de ìgbà tí omi bá wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin náà, tí òjò bá rọ̀ tán, ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò: tí omi ò bá tíì wọlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ ní sùúrù. NiMet náà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Tó bá ti jáde, a máa gbé ti agbègbè wa síbí.

Ìdáhùn ìbéèrè yín rèé o. Ẹ yọ irúgbìn kẹ́ ẹ tó pe oníbàárà. Éékà kan àgbàdo ń fẹ́ bíi kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ tọ́jú ìlọ́po méjì nítorí àkọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: tó bá jẹ́ àgbàdo haíbírì lẹ rà lọ́dún tó kọjá, ẹ má fi ọmọ rẹ̀ ṣe irúgbìn, kò ní so bí ìyá rẹ̀. Ẹ ta ìyẹn, kẹ́ ẹ sì fi owó ra òmíràn nísinsìnyí tí kò tíì wọ́n. Ẹ̀wà, ẹ má fi ọ̀tápíàpíà sí i. Àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ń ṣe iṣẹ́ tí kèrègbè ìyá àgbà ń ṣe, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ gbìn, ẹ ka irúgbìn mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Tí mẹ́jọ bá hù, ó dáa. Tí kò bá tó márùn-ún, ẹ wá òmíràn. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá hù, kó kọ irú èyí tó gbìn àti ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí sísàlẹ̀ níbí, a máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.