Wákàtí Tó Ń Ṣòfò Kí Wọ́n Tó Dé Adó

Agogo mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà náà bọ́jú, ó ṣí ìwé kí ilé ìwòsàn tó kún. Ní Adó-Èkìtì níbí, ó ń kọ́ láti di ọ̀gá nínú ìtọ́jú ọpọlọ àti iṣan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ti yege ìdánwò apá kìíní; kó tó parí apá kejì, àfi kó ṣe ìwádìí tirẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun.

Agogo mẹ́jọ. Wọ́n ń yí wọ́ọ̀dù ká. Òòlù kékeré ló ń lò ju ẹ̀rọ lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha àtẹ́lẹsẹ̀ obìnrin kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nà sókè. Lára àgbàlagbà, ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìyẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀. Wọ́n gbé bàbá kan dé láti Ìgèdé. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, kò lè sọ̀rọ̀.

“Màmá, ìgbà wo lẹ rí bàbá kẹ́yìn tára wọn ṣì dá?”

“Alẹ́ àná ni, dókítà, nígbà tí wọ́n jẹyán tán.”

Wọ́n ti gbé e dé ilé àdúrà, wọ́n sì ti sín in ní gbẹ́rẹ́. Dókítà kò bá wọn wí. Ó ní obìnrin tó sáré káàkiri lóru nítorí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe aláìbìkítà; kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wákàtí ló ń lé wọn.

Oògùn wà tó lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó fa rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 4.5 ni. Bó bá sì jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ, oògùn kan náà lè pa aláìsàn. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, àfi síkáàǹ. Àpò ẹbí sì ni owó síkáàǹ ti ń jáde. Ọmọ wọn ọkùnrin ń pe àwọn ará Èkó lórí fóònù.

Agogo kan. Kíliníìkì wárápá. Ọmọbìnrin kan ti kúrò níléèwé torí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún itọ́ rẹ̀. Wárápá kì í ràn. Dókítà kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé.

Agogo mẹ́ta. Ó jẹun, ó sì sọ ìwádìí rẹ̀ fún mi: ibo ni àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ń kọ́kọ́ yà, wákàtí mélòó ló ń lọ níbẹ̀? Mo gbà pé ìbéèrè tó tọ́ nìyí fún Èkìtì. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì níbí ló fi irú rẹ̀ lélẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tí wọ́n bí ní 1935, tó kàwé ní Christ's School, Adó. Kò dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn Ìbàdàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó lọ bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ó sì so àìsàn iṣan wọn mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́. Òun náà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó fi àrùn ìgbàgbé ní Ìbàdàn wé ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001, lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi hàn pé lọ́dọọdún, 1.35% àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn ni àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú; 3.24% ni láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis.

Dókítà náà fẹ́ lọ kọ́ ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ sí i lókè òkun, kó sì padà wá dá wọ́ọ̀dù rọpárọsẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, wọn ò padà. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìfẹ́ ilé nìkan kò lè ra ohun èlò wọ́ọ̀dù.

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Síkáàǹ dé: ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Àkókò oògùn yẹn ti kọjá. Ó kọ asipirín, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fún bàbá lóúnjẹ títí òun yóò fi wo bó ṣe ń gbé nǹkan mì.

Agogo mẹ́jọ. Ó pe ọmọkùnrin bàbá náà, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: 170/110. Kò tíì wọ̀n ọ́n rí. Dókítà kọ káàdì fún un, ó ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀.