Láti Ọwọ́ Onífóònù sí Ọwọ́ Atúnfóònùṣe: Ìtàn Ìpààrọ̀ Bátìrì Fóònù ní Nàìjíríà àti Gánà

Ìfáàrà

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, iye owó tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, àti iye ènìyàn tó ní nọ́ńbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fóònù lẹ́yìn ọdún kejì tàbí ìkẹta tí wọ́n ti rà á kì í sábà wọ inú ìtàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ìnira àti ọgbọ́n àwọn tó ń lò ó wà. Fóònù tí kò ní àléébù mìíràn lè di ohun àgbéjùnù kìkì nítorí pé bátìrì rẹ̀ kò mú iná dúró mọ́. Ìbéèrè tí àròkọ yìí dá lé ni pé: nígbà tí bátìrì bá kú, ta ló láṣẹ láti pààrọ̀ rẹ̀? Láti 2001 títí di àsìkò yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè náà ti yí padà, ó sì tún ń múra àtiyí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìdí tí bátìrì fi ń gbó

Bátìrì lítíọ́mù ni àwọn fóònù òde òní ń lò. Ènìyàn mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn hàn jù nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀: Stanley Whittingham tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, John Goodenough tó lo èròjà kóbáltì láti fún un lágbára ní 1980, àti Akira Yoshino, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, tó ṣe irú èyí tó ṣeé gbé lọ sọ́jà ní 1985. Ilé-iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1991. Ní 2019, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míṣírì.

Ọ̀nà tí bátìrì yìí ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Bí wọ́n bá fi iná sí i, àwọn èérún lítíọ́mù a ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Bí wọ́n bá ń lo fóònù, wọn a padà síbi tí wọ́n ti wá. Àlọ àti àbọ̀ yìí ló ń pèsè iná. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nínú lítíọ́mù náà a há sójú ọ̀nà, kò sì ní lè padà mọ́. Bí bátìrì bá ti gba iná tó sì lò ó tán fún nǹkan bí ìgbà 500, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè gbà ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. Ooru a máa mú kí ogbó náà yá, bẹ́ẹ̀ náà ni kí fóònù wà lórí iná pẹ́ títí lẹ́yìn tó ti kún. Ní àwọn ìlú tí oòrùn ti ń mú, tí iná ìjọba ń wá tó ń lọ, tí àwọn ènìyàn sì ń sáré ki fóònù bọ iná nígbàkigbà tó bá dé, bátìrì kò lè ṣe kó má tètè darúgbó. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-lò ló ń sọ ìpààrọ̀ bátìrì di dandan. Ara ìṣẹ̀dá ohun náà ni.

Sáà kìn-ín-ní: bátìrì tó ṣeé fọwọ́ yọ

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ìjọba Nàìjíríà ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù ló ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Kò pẹ́ tí fóònù fi di ohun tí alájàpá, awakọ̀ àti àgbẹ̀ ń lò, kì í ṣe olówó nìkan.

Fóònù tó fi ẹsẹ̀ sáà yìí múlẹ̀ jù ni Nokia 1100, tó jáde ní 2003. Ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, ara rẹ̀ le, kò sì gbówó lérí. Ní 2005, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ta fóònù tó pé bílíọ̀nù kan láti ìgbà tó ti ń ṣe fóònù, Nokia 1100 kan tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni. Bátìrì tó wà nínú rẹ̀ ni BL-5C. Bátìrì kan náà yìí ló wọ inú ọ̀pọ̀ fóònù Nokia mìíràn, títí kan àwọn fóònù ilẹ̀ Ṣáínà àti rédíò kéékèèké tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wọn. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti rí rà ní ìsọ̀ èyíkéyìí, láti orí tábìlì onífóònù ní ìgboro títí dé ọjà oko.

Ẹ̀yìn fóònù ìgbà náà kò ní ìdè kankan. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tì í, bátìrì a sì bọ́ sílẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí ló bí oríṣiríṣi àṣà. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò a máa mú bátìrì méjì dání. Ṣájà tí wọ́n ń pè ní dẹ́sítọ́ọ̀pù a máa gba bátìrì nìkan, kí fóònù tó wà níta, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bátìrì kejì. Níbi tí iná kò sí, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ a máa gba owó láti fi iná sí bátìrì àwọn ará àdúgbò. Bí fóònù bá kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, wọn a yọ bátìrì, wọn a tún un kì bọ inú rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ bátìrì tó ti bàjẹ́ pàápàá kò béèrè irinṣẹ́: wọn a fi í lélẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú, wọn a ta á yípo bí òkòtó. Bí ó bá ń pòòyì, ó ti wú nìyẹn, kò sì yẹ kó padà sínú fóònù.

Ìtàn kan fi agbára tí ọwọ́ onífóònù ní nígbà náà hàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Nokia kéde pé mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita ṣe láàárín oṣù kejìlá 2005 sí oṣù kọkànlá 2006 lè gbóná ju bó ti yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá ń gba iná. Iye náà pọ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò le. Onífóònù ni yóò ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, tí yóò wo nọ́ńbà ara bátìrì, tí yóò sì béèrè òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù kò ní láti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Sáà kejì: ẹ̀yìn fóònù tí wọ́n lẹ̀ pa

Ní ọdún 2007 yẹn kan náà ni Apple gbé iPhone àkọ́kọ́ jáde, èyí tí olùrà kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Galaxy S5 tí Samsung ṣe ní 2014 ṣì ní ẹ̀yìn tó ṣeé ṣí. S6 tó dé ní 2015 kò ní in mọ́. Ìdí tí àwọn aṣẹ̀dá fi ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfìfo. Fóònù tí wọ́n lẹ̀ pa lè fẹ́lẹ́ sí i, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, bátìrì tó wà nínú rẹ̀ sì lè tóbi nítorí pé kò nílò èèpo líle. Ohun tí olùrà pàdánù ni àṣẹ lórí ohun tó yá kánkán láti gbó jù lọ nínú fóònù náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2016 fi ìyàtọ̀ sáà méjèèjì hàn gbangba. Bátìrì inú Galaxy Note 7 bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ nílé, odindi fóònù, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5, ni Samsung kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá padà. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà tún gbiná, ilé-iṣẹ́ náà sì pa fóònù ọ̀hún rẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní 2007, bátìrì nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ní 2016, fóònù àti bátìrì jọ lọ ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé fóònù wọn ló ti darúgbó, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì lásán ni. Lẹ́yìn tí aráyé pariwo, ilé-iṣẹ́ náà dín owó ìpààrọ̀ bátìrì kù láti 79 dọ́là sí 29 dọ́là títí di ìparí ọdún 2018. Ní oṣù kìíní 2019, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Tim Cook, kọ̀wé sí àwọn olùdókòwò pé ọjà iPhone tuntun kò tà tó bí wọ́n ti retí. Ó sì ka ìpààrọ̀ bátìrì olówó pọ́ọ́kú mọ́ ohun tó fà á. Kò sí ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ pé bátìrì tuntun lè dá ẹ̀mí fóònù àtijọ́ padà, àti pé ohun tó ṣe olùrà láǹfààní yìí lè dín èrè aṣẹ̀dá kù.

Ọjà àtúnṣe: Ìkẹjà, Kánò àti Ákrà

Nígbà tí àṣẹ kúrò lọ́wọ́ onífóònù, kì í ṣe ọwọ́ aṣẹ̀dá ló bọ́ sí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọwọ́ atúnfóònùṣe ló bọ́ sí. Computer Village tó dìde ní àyíká òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọjà GSM tó wà ní Farm Centre ní Kánò, àti àwọn ìsọ̀ tó yí Kwame Nkrumah Circle ká ní Ákrà, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ. Ẹnjiníà ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní Ìkẹjà, bí wọn kò tilẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Wọn a kọ́kọ́ pa fóònù, wọn a fi ooru díẹ̀ rọ àtè tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọn a sì fi ike pẹlẹbẹ là á ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Okùn bátìrì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun mìíràn. Bátìrì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká, kò sì gbọ́dọ̀ rí ẹnu irin, nítorí pé bí awọ ara rẹ̀ bá ya, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá dé e padà láìfi àtè tuntun sí i dáadáa, omi yóò máa rí àyè wọlé.

Ìṣòro tó dojú kọ wọ́n kì í ṣe ti ìmọ̀ nìkan. Ayédèrú bátìrì pọ̀ lọ́jà: òmíràn jẹ́ ògbólógbòó tí wọ́n wọ aṣọ tuntun fún, òmíràn sì ni agbára tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ju èyí tó ní lọ. Láti 2019, àwọn iPhone kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkìlọ̀ hàn pé àwọn kò dá bátìrì tuntun mọ̀, bí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́. Atúnfóònùṣe lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìní àbùkù, kí fóònù ṣì máa jẹ́rìí takò ó lójú oníbàárà.

Ohun tí èdè fi pa mọ́

Àwọn èdè agbègbè náà ti gba ìmọ̀ yìí sínú. Ní Haúsá, waya ni fóònù, caji ni fífi iná sí i, mai gyaran waya sì ni ẹni tó ń tún un ṣe. Ní Ígbò, ekwentị ni fóònù, orúkọ tó so ekwe, ìlù onígi tí wọ́n fi ń kéde, pọ̀ mọ́ etí. Yorùbá sọ bátìrì di ẹlẹ́mìí: ó ń gba iná, ó ń wú, ó ń darúgbó, ó sì ń kú. Àwọn olùkọ́ èdè lè rí i níbí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn atúnfóònùṣe jẹ́ orísun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa lọ wò kí wọ́n tó jókòó sínú ọ́fíìsì láti ṣẹ̀dá òmíràn.

Ààtàn àti òfin

Bátìrì tí wọ́n yọ kò parẹ́. Ní 2005, Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde nípa ọjà ẹ̀rọ àlòkù ní Èkó, tó ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ń wọlé lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Nàìjíríà ṣe ìlànà lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àti ìdọ̀tí rẹ̀ ní 2011. Gánà ṣe Òfin 917 ní 2016. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wó ọjà àlòkù irin Agbogbloshie ní Ákrà, ṣùgbọ́n wíwó ọjà kò dá pàǹtírí dúró. Bátìrì lítíọ́mù tó bá dé orí ààtàn lè dá iná sílẹ̀, ìwọ̀nba kóbáltì tó wà nínú rẹ̀ sì ṣègbé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà.

Òfin tó lè yí ọ̀rọ̀ yìí padà jù lọ kò ti Àbújá tàbí Ákrà wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin bátìrì ní 2023, tó ní kí bátìrì inú àwọn ẹ̀rọ alágbèéká jẹ́ èyí tí oníǹkan lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ láti ọjọ́ 18 oṣù kejì 2027. Ìlànà mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2025, sọ pé bátìrì fóònù gbọ́dọ̀ ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná nígbà 800, àti pé àwọn ẹ̀yà ìpààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà fún ọdún méje lẹ́yìn tí títà fóònù náà bá dópin. Àyè wà fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá lè tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi kò sì lè wọ̀, láti fi ìpààrọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn fóònù tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù lónìí ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ọ̀la ní Èkó àti Tẹ́mà. Ohun tí òfin náà bá ṣí sílẹ̀ lọ́hùn-ún yóò ṣí sílẹ̀ níhìn-ín.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé bátìrì kò kúrò lọ́wọ́ onífóònù nítorí pé onífóònù kò mọ bí a ti ń yọ ọ́. Àwọn alájàpá tó ń ta bátìrì yípo lórí tábìlì ní 2005 mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ. Ìpinnu àwọn aṣẹ̀dá ló gba àṣẹ náà. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọjà ló gbà á padà ní ìdajì, láìsí ìwé ìlànà àti láìsí ẹ̀yà tó dájú. Bí òfin 2027 bá dá àṣẹ náà padà ní kíkún, ó yẹ kí ìjọba agbègbè yìí rí i pé ojúlówó bátìrì wà fún ẹni tí yóò lò ó, àti pé ibi tí wọ́n ń kó òkú bátìrì sí wà pẹ̀lú. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.