Ọ̀gọ̀mọ̀ Tó Fẹ́ Kan Ọ̀run

Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀, ó ní òun yóò kan ọ̀run. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹni tó bá dàgbà ní agboolé, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́, ìbáà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò ti gbọ́ òwe yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun gan-an ni wọ́n pa á fún. Ọmọ tó bá béèrè pé ta ló dá Ọlọ́run, òun ni ìyá àgbà fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ á dákẹ́, wọn á bu oúnjẹ fún un, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èmi ò rò pé òwe náà tán síbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìbéèrè ló fi parí. Kò ní kí ọ̀gọ̀mọ̀ má yọ, kò sì ní ọ̀run ò sí. Ó kàn ń bi í pé kí ló gbẹ̀yìn àwọn tó yọ ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ dá a lóhùn, ìdí ọ̀pẹ ni kó lọ.

Láàárín orí ọ̀pẹ ni ọ̀gọ̀mọ̀ ti ń yọ. Á nà ró ṣánṣán, ewé rẹ̀ á ṣì wé mọ́ra, kò tíì rí oòrùn tó. Nígbà tó bá yá á ṣí, á di imọ̀, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á sì yọ sípò rẹ̀. Bí imọ̀ ìsàlẹ̀ bá gbẹ, akọ̀pẹ á fi àdá gé e, ìdí rẹ̀ á ṣẹ́kù sára igi. Ara àwọn ìdí imọ̀ gígé yìí ni igbà akọ̀pẹ ń há mọ́, ibẹ̀ náà ló ń fẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ọ̀run. Síbẹ̀, ibi tí ọ̀gọ̀mọ̀ ti yọ lọ́dún yìí ga ju ibi tí ti èṣí ti yọ lọ, àwọn tó ti wó ló sì gbé e débẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìtàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́, orí ọ̀pẹ náà ló gbà kọjá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Àwọn tó fi ránṣẹ́ sí ní ìlú Òyìnbó sọ ọ́ nù. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù. Nígbà tí ìwé máa fi jáde ní 1921, àbúrò náà ti kú. (Ẹni tó bá ń ráhùn pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé le, kó rántí àwọn méjì yìí.) Ìtàn tí Samuel kọ rèé: Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà, àti àwọn tó bá a rìn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá omi lọ salalu. Aṣọ dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n di nǹkan sí. Afunpè fun ìpè láti rán an létí, ó tú aṣọ náà, ekùrọ́ kan àti erùpẹ̀ bọ́ sómi. Ojú ẹsẹ̀ ni ekùrọ́ hù, ó di ọ̀pẹ ẹlẹ́ka mẹ́rìndínlógún. Orí rẹ̀ ni wọ́n gùn tí wọ́n ti sinmi, kí adìẹ tó tan ilẹ̀ fún wọn.

Johnson kọ ìtàn Mẹ́kà náà, èyí tó ní ọmọ Lámúrúdu ni Odùduwà, ó sì sọ gbangba pé òun ò gbà pé Mẹ́kà la ti wá. Lójú tirẹ̀, apá Íjíbítì òkè àti Núbíà ni. Àwọn òpìtàn òde òní ò tẹ̀ lé e lórí ìyẹn. Imọ̀ tirẹ̀ náà ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ ìtàn Yorùbá tí kò ní gba ara rẹ̀ gòkè?

Ifá náà ò fi ọ̀pẹ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1932, jẹ́ ká rí i kà nínú ìwé. Nínú odù Ìwòrì Méjì, Ọlọ́wọ̀ tí í ṣe àbíkẹ́yìn Ọ̀rúnmìlà rí bàbá rẹ̀ fín. Bàbá bínú, ó kọrí sọ́run. Ayé dàrú: aboyún ò bí, àgàn ò tọwọ́ bosùn, odò ń gbẹ. Àwọn ọmọ tọ̀ ọ́ lọ sídìí ọ̀pẹ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó bọ̀ wálé. Ó kọ̀. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní ẹni tí wọ́n ó máa bi nìyẹn. Mo ti ka ìtàn yìí láìmọye ìgbà, ibì kan náà ló sì máa ń mú mi: bàbá ò padà. Bíbéèrè ni wọ́n rí gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àwọn òrìṣà kún fọ́fọ́. Ní Kòso, wọn á sọ fún ọ pé Tápà ni ìyá Ṣàngó, wọn á dárúkọ Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà tí í ṣe aya rẹ̀. Ìyá Olódùmarè ńkọ́? Ìtàn ò dárúkọ rẹ̀. A kì í kọ́ ojúbọ fún Olódùmarè bí a ti ń kọ́ ti òrìṣà, kò sì sí babaláwo tó ń ki ọjọ́ tó dé. Ìbéèrè ọmọ tí ìyá àgbà pa lẹ́nu mọ́ yẹn, àwọn baba wa ti bi ara wọn, ibi tí ìtàn sì dákẹ́ sí ni wọ́n fi í sí.

T. J. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé tó kọ lẹ́yìn tó padà sílé, tó jáde ní 1857, jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn Yorùbá ń sọ nípa Ọlọ́run ló tọ̀nà. Ẹni tó wá fi Ọlọ́run hàn wá ló sọ bẹ́ẹ̀! Láti 1898 ni iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì fi ṣe ilé. Pásítọ̀ ni Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Afọlábí Ghandi Ọláoyè, kí wọ́n tó jọba ní 2023. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin tó gorí ìtẹ́ ní 2025 ń jẹ́ Akeem, ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ pé wọ́n difá kí wọ́n tó mú wọn. Ará ìlú ò rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi gbohùngbohùn wàásù ní ìdájí bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá ayé ni ọ̀rọ̀ yìí kì í yé.

Àwọn onísáyẹ́ǹsì náà ní ọ̀gọ̀mọ̀ tiwọn. Georges Lemaître, fadá Àgùdà ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi ìṣirò hàn ní 1927 pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ń jìnnà síra wọn, pé òfuurufú fúnra rẹ̀ ń fẹ̀. Ní 1931 ó ní tí a bá tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn, ohun kíún kan ni gbogbo rẹ̀ ti tú jáde. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé báyìí ni pé ó ti tó bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí gbe ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá lẹ́sẹ̀ ní 1951, kò dùn mọ́ Lemaître nínú. Fadá ni, ó ń gbàdúrà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò òun ṣe ẹlẹ́rìí Ọlọ́run. Ó mọ ibi tí imọ̀ òun gùn dé.

Èmi gba Ọlọ́run gbọ́. Kò sẹ́ni tó já àṣírí ìbẹ̀rẹ̀ ayé fún mi. Ohun tó dì mí mú ni pé tí mo bá tọ ìtàn Ọ̀yọ́ lọ, màá bá omi. Tí mo bá tọ ìṣirò Lemaître lọ, màá bá ohun kíún yẹn. Nǹkan kan ti máa ń wà nílẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó le fún mi láti gbà pé ó kàn wà bẹ́ẹ̀ láìní Ẹni tó ni ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò gbà. Ó ní bí Ọlọ́run bá lè wà láìsí ẹni tó dá a, kí ló dé tí ayé náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní ayé ń yí padà, ó ń gbó, ohun tó ń gbó ti ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹnu mi ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí àmàlà fi tutù síwájú wa. N ò tíì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun náà ò sì tíì sọ fún mi ohun tí omi ń ṣe nílẹ̀ kí Ọ̀kànbí tó dé.