Ta Ló Ni Ẹ̀dà Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa?

Kò ṣòro lónìí láti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n kọ «Business Centre» sí lára ní Ìkìrun, ní Ìníṣà tàbí ní Òkukù. Ẹ ó bá kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tàbí méjì níbẹ̀, príńtà kan, ẹ̀rọ fótókọ́pì, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ la ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn mìíràn wà láàárín wa tí tiwọn wà nílé, tí wọ́n gbé aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ta ló ni ètò tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń tẹ̀wé tó sì ń ṣírò owó? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, mo sì fẹ́ pa á fún yín.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Irin àti wáyà ni. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìkọ̀wé ni ètò tí ènìyàn kan jókòó kọ, èyí tí Òyìnbó ń pè ní software. WordStar jáde ní 1978 fún ìwé kíkọ, VisiCalc tẹ̀ lé e ní 1979 fún ìṣirò, Lotus 1-2-3 àti Word ti Microsoft sì dé ní 1983. Kí wọ́n tó dé rárá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ni ẹ̀dà. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Bill Gates, ọmọ ogún ọdún, tí òun àti Paul Allen ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Microsoft sílẹ̀ ní 1975, kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé wọn. Ó ní nínú mẹ́wàá tó ní kọ̀ǹpútà Altair, kò tó ẹnì kan tó san owó BASIC tí àwọn kọ. Àwọn yòókù kàn ń dà á kọ lọ́wọ́ ara wọn ni. Ó bi wọ́n pé ta ni yóò máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbínú ni ọ̀pọ̀ fi gba lẹ́tà náà. Èmi ò lè sọ pé n kò mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Bí mo bá jí ewúrẹ́ yín, ẹ ò ní ewúrẹ́ mọ́. Bí mo bá da ètò yín kọ, ètò yín ṣì wà lọ́wọ́ yín digbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé nílẹ̀ wa náà, ẹni tó fẹ́ kọ́ oògùn kì í dúró sẹ́yìn ògiri kó máa tẹ́tí gbọ́ oníṣègùn. Ó ní ohun tó ń san, ó ní ọdún tó ń sìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni oníṣègùn fún un, oògùn kò sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé kó má gba nǹkan kan.

Ìjà náà bí ọmọ kan tí gbogbo wa mọ̀: fáírọ́ọ̀sì. Ní 1986, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ìlú Lahore lórílẹ̀-èdè Pakistan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, rí i pé àwọn ènìyàn ń da ètò tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ ìṣègùn kọ láìsanwó. Wọ́n wá kọ ohun kékeré kan tó ń fara pamọ́ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tẹ̀ lé ẹ̀dà lọ síbi gbogbo. Orúkọ rẹ̀ ni Brain. Àwọn ará ibí yìí kò fi ara pamọ́ o! Wọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gba òkun kọjá.

Ní ti Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti 1988 ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà kọ láìgbàṣẹ. Òfin 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà ní Àbújá, kọ̀ǹpútà wà ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òkun ló ti wá, ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Òyìnbó kí ó tó di tiwa. Ẹni tó tà á ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ló máa ń gbé ètò sí i, ẹni tó rà á kì í sì í rí ìwé láísẹ́ńsì kankan. Bó bá di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò ṣí mọ́, a ó pe ọmọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n, á kó síídì rẹ̀ dé, á pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, á tún un gbé sí i. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la san, owó ètò kò sí níbẹ̀.

Kó tó di pé síídì gbilẹ̀, ìyà ni iṣẹ́ yìí. Office 97 wà lórí síídì, ṣùgbọ́n wọ́n tún tà á lórí dísíkẹ́ẹ̀tì, márùndínláàádọ́ta sì ni! Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹ ń yọ ọ̀kan, ẹ ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, títí tí ẹ fi dé ìkejìdínlógójì. Bí eruku bá ti kó sí ìyẹn, tàbí tí iná bá lọ, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe ju kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní.

Ọdún 2001 ni wọ́n wá fi àgádágodo gidi sí i. Office XP jáde ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ olórí lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí èèyàn ń tẹ̀ sí i, ó di dandan kí onílé gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti ṣí i nígbà àádọ́ta láìgba àṣẹ, kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tuntun mọ́. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é! Oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá ní fóònù nílé nílùú bíi tiwa, èèyàn ńlá ni. Ẹni tó tiẹ̀ fi owó ara rẹ̀ ra ojúlówó, níbo ló ti fẹ́ pè? Mo gbà pé àgádágodo yìí wà lára ohun tó mú kí ayédèrú tí wọ́n ti já tà bí àkàrà.

Ayédèrú náà ní ìnáwó tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń já àgádágodo yìí, ohun àkọ́kọ́ tó máa bẹ̀ yín ni pé kí ẹ pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì ná. Ṣé àlejò tó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru, ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún un? Àwa ṣílẹ̀kùn.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti owó rárá, ti èdè ni. Lórí táípúráítà, ẹni tó fẹ́ tẹ Ìníṣà á tẹ s, á dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, á fi ìlà sí i lábẹ́, á sì fi bírò fi àmì ohùn sí i nígbà tó bá yọ bébà tán. Ní àwọn ọdún 1980, National Language Centre to álífábẹ́ẹ̀tì Pan-Nigerian tó ní lẹ́tà 33 kí ẹ̀rọ kan lè tó gbogbo èdè wa. Kọ̀ǹpútà ò bá a lọ. ASCII tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1963 ní àyè 128 péré, kò sì sí àyè kankan níbẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ. Làwọn èèyàn bá ń ṣe fọ́ńtì tiwọn: ẹ tẹ àmì kan tí ẹ kì í lò, ojú kọ̀ǹpútà á fi ẹ hàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn dé ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí kò ní fọ́ńtì náà, orúkọ olóògbé á di kìkìdá ìlà àti àkámọ́, nígbà tí òkú ti wà ní mọ́ṣúárì, tí ìsìnkú sì di ọ̀la. Ohun tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé wá ṣe ni pé wọ́n pa àmì tì. Báyìí ni ìwé ìpàdé ẹbí tó ń sọ̀rọ̀ ogún bàbá wọn ṣe ń di ìwé ogun bàbá wọn. Ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878, a mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Unicode, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ló wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ẹ àti ọ tí à ń lò níbẹ̀, àwọn ará Vietnam náà ń lò ó, àmì ohùn ni àmì abẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo títí dòní. Méjì ni wọ́n ń so pọ̀, ìdí nìyí tí àmì fi máa ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà bí fọ́ńtì kò bá dára. Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ALT-I, Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá, Microsoft pàápàá sì ṣe àwọ̀ Yorùbá fún Windows 7. Mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa tó gbé e sí tirẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò sí olè jíjà níbẹ̀. Marco Börries, ọ̀dọ́mọdé ará Jámánì kan, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1985, ibẹ̀ ni StarOffice ti jáde. Sun ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1999, ó sì tú àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní 2000. Òun ló di OpenOffice, tí LibreOffice fi yà kúrò lára rẹ̀ ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè kọ́kọ́rọ́, ó sì ń ṣí ìwé docx tó dé pẹ̀lú Office 2007, èyí tó dààmú àwọn tó ń lo 2003. Àwọn oníbàárà máa ń ráhùn pé kò jọ Word. Òótọ́ ni, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sí níbi tí ọwọ́ wọn ti mọ́.

Láti 2011 tí Office 365 ti dé, ètò ti di ohun tí à ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, bí owó ṣọ́ọ̀bù. Ọjà òkèèrè sì ni: láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó ń tẹ lẹ́tà fún ọmọ iléèwé kò lè máa bá irú owó bẹ́ẹ̀ yí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10, ó sì fi Office 2016 àti 2019 sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa kò lágbára láti gbé Windows 11. Wọ́n ṣì ń tan iná, wọ́n ṣì ń tẹ̀wé, ọmọkùnrin tó ní síídì sì ti ń fi fíláàṣì ṣe é báyìí.