Lydia Pinkham, Ìyá Alágbo Ìlú Lynn

Ọdún 1819 ni wọ́n bí Lydia Estes nílùú Lynn, ní Massachusetts, sínú ẹbí ẹlẹ́sìn Quaker tó kórìíra òwò ẹrú débi pé Frederick Douglass, gbajúmọ̀ tó ń jà fún òmìnira àwọn ẹrú, di ọ̀rẹ́ wọn. Ó fẹ́ Isaac Pinkham ní 1843. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń se àgbo fún àwọn obìnrin àdúgbò tí nǹkan oṣù ń yọ lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1873, tí òwò ilẹ̀ Isaac sì forí ṣánpọ́n, àgbo ìyá di ọjà. Ní 1875, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, dọ́là kan ìgò kan.

Egbò ló pọ̀ nínú rẹ̀, black cohosh wà lára wọn. Ọtí kó bí ìdá kan nínú márùn-ún, bíi paraga gan-an, bẹ́ẹ̀ Lydia ò fara mọ́ ọtí mímu rárá. Ilé iṣẹ́ náà ní kí àgbo má bàa bàjẹ́ ni.

N ò lè dá àwọn tó rà á lẹ́bi. Láti 1872 ni dókítà Robert Battey ti ń gé ilé ẹyin obìnrin kúrò nítorí ìrora oṣù, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ lé e. Ta ni kò ní kọ́kọ́ gbé ìgò àgbo mu?

Ní 1879, àwòrán ojú Lydia bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìpolówó. Àwọn obìnrin ń kọ lẹ́tà sí i, ó ń fèsì, ó ń ṣàlàyé ara obìnrin fún wọn láìfi bò. Lójú tèmi, èsì wọ̀nyẹn níye lórí ju àgbo lọ.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Dan àti Will, ọmọ rẹ̀ méjì, ní 1881. Òun náà kú ní 1883. Síbẹ̀ ìpolówó ṣì ń ní kí obìnrin kọ̀wé sí Ìyáàfin Pinkham! Ní 1905, ìwé ìròyìn Ladies' Home Journal gbé àwòrán ibojì rẹ̀ jáde. Ó dùn mí fún àwọn tó ti tú àṣírí ara wọn fún òkú. Òfin kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1906 fipá mú ilé iṣẹ́ Pinkham láti kọ ìwọ̀n ọtí sára ìgò, wọ́n sì dín in kù.

Ọjà ò kú, ìtọ́jú obìnrin náà ò sì tán nínú ẹbí: Aroline, ọmọbìnrin Lydia, dá ilé ìwòsàn ìyá àtọmọ sílẹ̀ ní Salem ní 1922. Black cohosh ṣì wà lórí àtẹ dòní fún ara gbígbóná àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró, àwọn olùwádìí ò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí agbára rẹ̀.