Ọpọ́n Igi: Ìtì Kan tàbí Igi Púpọ̀ Tí A Lẹ̀ Pọ̀

Ọpọ́n ni à ń pe ohun èlò onígi tí ojú rẹ̀ tẹ́ tàbí tí a gbẹ́ ikùn rẹ̀ kí ó lè gba nǹkan. Ọpọ́n Ifá, ọpọ́n ayò àti ọpọ́n ìwẹ̀ wà lára wọn. Agéré Ifá tí babaláwo ń kó ikin sí, àti olúmẹ̀yẹ tí a fi ń gbé obì fún àlejò, sún mọ́ wọn. Ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀: ìtì igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lóde òní, abọ́ igi mìíràn wà tí a ń ṣe ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Oníṣẹ́ rẹ̀ a la oríṣiríṣi igi líle, bíi walnut àti maple, sí pẹlẹbẹ, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, a wá gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí igi bírí, kí irin mímú lè fá a di abọ́. Iṣẹ́ tó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ

Igi ìrókò, apá àti ọmọ̀ wà lára èyí tí agbẹ́gilére ń lò. Igi tútù ló fẹ́ràn, nítorí ó rọ̀ lábẹ́ irin. Iṣẹ́ náà pín sí mẹ́rin. Ọnà lílé ni fífi àáké gé ìrísí rẹ̀ jáde. Àlétúnlé ni títún un gé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè hàn. Dídán ni mímú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ewé ìpín wúlò níbẹ̀. Fínfín ni fífi ọ̀bẹ fín ọnà sí i lára.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń so igi pọ̀. Lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu, a máa ń gbẹ́ apá kan lọ́tọ̀, kí a tó kàn án mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ti ọpọ́n, ìtì kan ni ìdánwò ọwọ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ ọpọ́n kan tó wà ní Washington báyìí. Orí ènìyàn kan ń yí kiri nínú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì lè jáde, nítorí inú ìtì yẹn gan-an ni ó ti gbẹ́ ẹ.

Ọyẹ́ àti gọ́ọ̀mù

Igi a máa wú lákòókò òjò, a sì máa sún kì lákòókò ọyẹ́. Ìtì kan lè là láti àárín wá. Igi púpọ̀ tí a lẹ̀ pọ̀ lè ṣí ní ojú ìlẹ̀, nítorí wọn kì í sún kì bákan náà; ìdí nìyí tí oníṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbẹ igi dáadáa kó tó lò ó. Bí ọpọ́n àjogúnbá yín bá là, tí àwọn àgbà sì ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rán an, ẹ má ṣe yọ irin náà láti fi gọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ìtàn ọpọ́n náà ni.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀

Ẹ dojú rẹ̀ dé. Bí ìlà ara igi bá lọ láti etí dé ìdí láìjá, ìtì kan ni. Bí àwọ̀ bá yí padà lójijì ní ojú ìlà tó tọ́, a lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rọ a máa fi ìlà róbótó tó bára mu sílẹ̀. Àáké a máa fi ojú kéékèèké sílẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì nípọn dọ́gba.

Ọpọ́n Ifá kan tó ti Aladà, ní ilẹ̀ Benin òní, lọ wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Ó wà nínú ìwé àkójọ Christoph Weickmann ti 1659. Àkọsílẹ̀ yẹn ni a fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ irú igi, ìlú àti ilé tí ọpọ́n yín ti wá sílẹ̀, nígbà tí àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.